Ta Ló Yá Owó Yìí Lórúkọ Wa? Ẹ̀kọ́ Lórí Bọ́ǹdì Ìlú àti Àtúnkọ́ Ilé Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Ojú ìwé okòwò wa tún dé, ọ̀rọ̀ tó sì gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, inú ìpàdé ẹgbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa ló mú ìwé owó-orí ilé rẹ̀ wá sí ìpàdé. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún gẹ́gẹ́ bí ayálégbé ní San Francisco kí Ọlọ́run tó jẹ́ kó ra ilé tirẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń ra ilé, ohun tí wọ́n sọ fún òun ni pé dọ́là kan lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là iye ilé ni owó-orí ọdún kan. Ìwé dé, ó kà á, ó rí 1.17. Ó pe ọ́fíìsì ìlú lórí fóònù. Wọ́n ní 1 yẹn ni owó-orí fúnra rẹ̀, gbèsè tí àwọn olùdìbò fọwọ́ sí ló gbé ìyókù wá. Bàbá na ìwé sókè lójú gbogbo wa, ó ní, "Èmi ò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ta ló yá owó yìí lórúkọ mi?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó rẹ́rìn-ín délé tí wọ́n wo ìwé tiwọn, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a kọ ẹ̀kọ́ yìí. Gbèsè tó wà nínú ìdá díẹ̀ yẹn pọ̀: ti ilé ẹ̀kọ́, ti ilé ìwòsàn, ti ọkọ̀ ojú irin BART, ti ọgbà ìtura. Bí a bá fẹ́ tú gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ yóò ṣú. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyọ kan tí gbogbo ọmọ wa mọ̀, kí a tẹ̀ lé e láti orísun rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa: owó tí ìlú San Francisco yá láti tún California Academy of Sciences kọ́, ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tó wà nínú Golden Gate Park. Ẹ̀yin òbí tó ti tẹ̀ lé ọmọ kíláàsì débẹ̀ mọ̀ ọ́n. Òun ni ilé tí koríko hù sí orí òrùlé rẹ̀, tí àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú rẹ̀.

Ilé náà kì í ṣe ti àná. Ọdún 1853 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ni ín sílẹ̀, nígbà tí àwọn tó ń wa góòlù ṣì ń rọ́ wọ California. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní April 1906 tí iná sì jó ìlú, ilé wọn ní Market Street bá a lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Alice Eastwood, tó jẹ́ alábòójútó ewéko wọn, ló gun irin àtẹ̀gùn tó ti fọ́ dé àjà kẹfà, ó sì kó nǹkan bíi 1,500 ewéko gbígbẹ tí kò sí irú wọn níbòmíràn sọ̀kalẹ̀ kí iná tó dé. Ilé tirẹ̀ jóná nínú iná kan náà. A ní kí a sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ju ẹja tí àwọn ọmọ ń wò lọ. Ní 1916 wọ́n ṣílẹ̀kùn tuntun nínú Golden Gate Park. Ní 1923 wọ́n fi Steinhart Aquarium kún un, ilé ẹja tí wọ́n fi owó tí olóògbé Ignatz Steinhart fi sílẹ̀ kọ́. Ìlú ló ni ilé ẹja náà, ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí òun ló fún ìlú lẹ́sẹ̀ láti yá owó lé e lórí.

Ọjọ́ 17, oṣù October, 1989, ilẹ̀ tún mì. Àwọn tó ti wà ní agbègbè yìí nígbà náà kò lè gbàgbé: afárá Bay Bridge já níbì kan, ọ̀nà alágbèékà wó lé ọkọ̀ lórí ní Oakland, ènìyàn 63 ló kú. Àwọn ilé ẹgbẹ́ onísáyẹ́ǹsì náà fara gbá a. Ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kọ́ wọn, wọ́n ń so ọ̀kan mọ́ èkejì bí ìgbà tí a ń fi yàrá kún agboolé. Òmíràn kò ṣeé wọ̀ mọ́ lẹ́yìn ilẹ̀ mímì náà. Àtúnṣe di dandan, owó tó fẹ́ gbà kò sì sí lọ́wọ́.

Níbí ni bọ́ǹdì ti wọlé.

Kí ni bọ́ǹdì? Ìlú fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá, owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Ó gé iye tó fẹ́ yá sí wẹ́wẹ́, ó kọ ọ́ sí ìwé, ó sì ta ìwé náà fún ẹni tó bá lówó láti rà á. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn kò ju mẹ́ta lọ: iye tí ìlú gbà, ọjọ́ tí yóò dá ojú owó padà, àti èlé tí yóò máa san lóṣù mẹ́fà mẹ́fà títí ọjọ́ náà yóò fi pé. Kì í ṣe àjọ. Nínú àjọ, ohun tí o dá ni o kó, kò sí èlé. Ó súnmọ́ ìwọ̀fà ayé àtijọ́ díẹ̀, nítorí pé olówó fẹ́ mọ ohun tó máa dúró fún owó òun. Láyé àwọn bàbá ńlá wa, ènìyàn ni wọ́n fi ń dúró, iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó ni èlé. Ohun tí San Francisco fi dúró ni agbára tó ní láti bu owó-orí lé gbogbo ilé àti ilẹ̀ tó wà nínú ìlú. Bí ọjọ́ èlé bá pé, ìlú gbọ́dọ̀ gba owó-orí tó máa tó o san. Irú èyí ni wọ́n ń pè ní general obligation bond. Kò sí ẹni tó wá bá bàbá wa kó wá tọwọ́ bọ̀wé, ilé rẹ̀ ló dúró fún un.

Irú mìíràn wà tí kò kan owó-orí ilé wa. Afárá lè yá owó kó sì fi owó tí àwọn awakọ̀ ń san san án. Ilé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì yìí fúnra rẹ̀ tún yá owó mìíràn nípasẹ̀ báǹkì tí ìpínlẹ̀ California dá sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Orí ara rẹ̀ ló yá ìyẹn lé, kò sí lórí ìwé owó-orí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ẹ bá gbọ́ pé "wọ́n fi bọ́ǹdì kọ́ ọ", ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé irú bọ́ǹdì wo.

Ní November 1995, àwọn olùdìbò San Francisco gbà kí ìlú yá mílíọ̀nù 29 dọ́là ó lé díẹ̀ láti tún ilé ẹja ṣe. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ gbogbo ilé wò, ó hàn pé ẹni tó bá tún ẹyọ kan ṣe láàárín àwọn tó kù, aṣọ tuntun ló ń rán mọ́ àkísà. Wọ́n pinnu láti wó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kí wọ́n sì kọ́ ilé kan ṣoṣo. Ní March 2000 wọ́n tún padà sọ́dọ̀ àwọn olùdìbò pẹ̀lú Proposition B, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí ìlú yá mílíọ̀nù 87 dọ́là sí i. Ìbò gbé e wọlé. Àpapọ̀ owó ìlú di mílíọ̀nù 116 àti díẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà sì gba bíi mílíọ̀nù 488 kó tó parí. Ẹ rí i pé owó ìlú kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn olówó, àwọn àjọ tó ń fi owó ta ìlú lọ́rẹ, àti gbèsè tí ilé náà fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ló gbé ìyókù. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi owó sílẹ̀ fún ilé tí ìlú tó ni ín kò fọwọ́ kan? Owó ìlú tó kọ́kọ́ jáde yẹn ló jẹ́ kí àwọn yòókù gbà pé iṣẹ́ náà yóò ṣeé ṣe.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Ní California, bọ́ǹdì irú èyí kò lè wọlé àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó dìbò lórí rẹ̀ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ènìyàn 300 bá dìbò, 200 gbọ́dọ̀ gbà. Ènìyàn 101 tó bá sọ pé rárá ti pa á. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìbò "rárá" kan ń gbé ìwọ̀n "bẹ́ẹ̀ ni" méjì. Ẹni tó bá fo ìbéèrè náà kò sí nínú ìṣirò rárá. De Young, ilé iṣẹ́ ọnà tó dojú kọ ilé sáyẹ́ǹsì yìí nínú ọgbà kan náà, tí ilẹ̀ mímì 1989 ba òun náà jẹ́, lọ bèèrè owó lọ́wọ́ olùdìbò ní 1996 àti ní 1998. Ní ìgbà méjèèjì, àwọn tó gbà pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ, síbẹ̀ wọn kò pé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bọ́ǹdì ṣubú. Ọwọ́ àwọn olówó àdáni ni wọ́n ti wá kó owó tí wọ́n fi tún un kọ́ jọ, wọ́n sì ṣí i ní October 2005. Ilé méjì, ọgbà kan, ilẹ̀ mímì kan, ọ̀nà owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú tiwa, ohun tó fún ti sáyẹ́ǹsì láyè ni pé ọmọ iléèwé ló ń lọ síbẹ̀ jù, ẹni tó lọ́mọ kì í sábà kọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbò yìí, nítorí ó ti kó bá àwọn ará wa rí. Ẹni tó ní green card ń san owó-orí ilé gẹ́gẹ́ bí ọmọ onílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lórí bọ́ǹdì. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́ọ̀mù ìdìbò fún yín ní ọ́fíìsì ìwé ìwakọ̀ tàbí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà, tí ẹ kò tíì búra di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ má fọwọ́ sí i, ìbáà ṣe àṣìṣe. Ìbò kan ṣoṣo lè ba ìwé ọmọ ilẹ̀ jẹ́, ó sì lè dá ènìyàn padà sílé. Àwọn tó ti búra ni iṣẹ́ náà wà lọ́rùn wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti búra ló sì ń dìbò fún Ààrẹ nìkan, tí a ń fi ìsàlẹ̀ ìwé ìdìbò sílẹ̀ ní òfìfo. Ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n ti ń yá owó lórúkọ wa.

Ó dára, mélòó ló kàn wá? Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà tó rọrùn ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìlú bá yá mílíọ̀nù 100 dọ́là fún ogún ọdún, tí èlé rẹ̀ jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì ń san iye kan náà lọ́dọọdún, bíi mílíọ̀nù 8 ni yóò máa san lọ́dún. Nígbà tí ogún ọdún bá pé, ó ti san mílíọ̀nù 160. Mílíọ̀nù 60 tó lé yẹn ni iye owó tí a san nítorí pé a kò lè dúró kí owó pé kí a tó kọ́lé. Ó lè dà bí ohun tó burú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́fà lónìí kò lè dúró ogún ọdún kó tó rí ibi tí yóò ti wo ìràwọ̀, àwọn tó ń bọ̀ wá gbé ìlú lọ́jọ́ iwájú ni yóò sì lo ilé náà pẹ̀lú wa, ó tọ́ kí àwọn náà bá wa san nínú rẹ̀.

Ibi tí ó ti ń dun àjèjì jù wà ní ibòmíràn. Láti 1978 ni òfin tí wọ́n ń pè ní Proposition 13 ti wà ní California. Ó ní iye tí ìjọba kọ sílẹ̀ fún ilé kan ni iye tí ẹ fi rà á, kò sì gbọ́dọ̀ fi ju 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún títí ẹ ó fi tà á, bó ti wù kí ọjà ilé gbóná tó. Nítorí náà, ilé méjì tó bára mu lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè ní iye tó jìnnà síra. Ká sọ pé ẹ ra tiyín ní 900,000 dọ́là ní àìpẹ́ yìí. Aládùúgbò yín ti rà tirẹ̀ láti ìgbà pípẹ́, ìwé ìjọba sọ pé 150,000 ni. Bí bọ́ǹdì kan bá gba dọ́là 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan 100,000, dọ́là 90 ni tiyín, dọ́là 15 ni tirẹ̀. Ilé sáyẹ́ǹsì kan náà, òrùlé koríko kan náà. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń san púpọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó dé kẹ́yìn ni àwa. A kò sọ pé kí ẹ torí èyí kọ bọ́ǹdì. A ń sọ pé kí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá sọ nínú ìwé ìpolongo pé "owó kọfí kan lóṣù" ni yóò jẹ́ fún onílé, onílé wo ni wọ́n ń sọ?

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ má sinmi síbẹ̀. Ní San Francisco, bọ́ǹdì ìlú tí ìbò gbé wọlé lẹ́yìn November 2002, onílé lè gbé ìdajì ohun tó san lórí rẹ̀ lé ayálégbé lórí, nínú ilé tí òfin ìdíwọ̀n owó ilé bò. Bọ́ǹdì ilé sáyẹ́ǹsì ti 2000 kò sí nínú èyí. Àwọn tó tẹ̀ lé e ló wà níbẹ̀. Bí onílé bá mú irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá, ẹ bi í pé kó fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín. Bí apá yín kò bá ká a, ẹ lọ sí Rent Board, fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wà nínú ìṣòro.

Owó bọ́ǹdì ní àlà. Òfin California ní ilé àti ilẹ̀ nìkan ni kí wọ́n fi irú owó bẹ́ẹ̀ rà tàbí tún ṣe. Ó lè mọ ògiri ilé ẹja, kò lè ra oúnjẹ ẹja. Kò lè san owó oṣù. Àlà yìí wù wá, nítorí a mọ bí owó iṣẹ́ ṣe ń di owó ìnáwó níbi tí kò bá sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ní 2002 àwọn olùdìbò San Francisco tún fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ ìgbìmọ̀ ará ìlú kan láti máa yẹ ìnáwó bọ́ǹdì wò. Gbogbo ènìyàn ló lè lọ jókòó ní ìpàdé wọn. Ṣùgbọ́n àlà náà ní ojú kejì: nígbà tí ilé bá parí tán, ìnáwó ojoojúmọ́ ṣì wà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ti ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ṣí ilé tuntun náà ní ọjọ́ 27, September, 2008. Ọjọ́ kejìlá ni lẹ́yìn tí Lehman Brothers wó tí ọjà owó gbogbo ayé dàrú, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà kan ń san 24.95 dọ́là láti wọlé. Lónìí ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ pé, "Mo san án nínú owó-orí, mo tún san án lẹ́nu ọ̀nà." A kò rí èsì tó dùn fún un. Ohun tí a rí ni pé láti 2014 ni ètò kan ti wà káàkiri Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Museums for All: ìdílé tó ní káàdì EBT lè wọ ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní dọ́là 3 tàbí kó dín, títí dé ènìyàn mẹ́rin. Àwọn ilé ìkàwé agbègbè wa náà ń fi káàdì wọn yá ènìyàn ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ sí oríṣiríṣi ibi. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ẹ jẹ́ kí a yí sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yáni lówó, torí ojú ìwé okòwò ni èyí. Ta ló ń ra bọ́ǹdì ìlú? Báǹkì, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò, àti àwọn ènìyàn bíi tiwa, yálà ní tààrà tàbí nípasẹ̀ àwọn fọ́ǹdù. Ẹyọ kan a máa jẹ́ 5,000 dọ́là. Ohun tó jẹ́ kó dùn ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó-orí lórí èlé rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní California tó ra ti California kì í san ti ìpínlẹ̀ náà pẹ̀lú. Nítorí èyí, èlé wọn kì í ga. Ẹni tí owó-orí ń jẹ gan-an ló ń jàǹfààní rẹ̀. Fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀, tàbí tó fẹ́ kó o sínú owó ìfẹ̀yìntì tí owó-orí kò dé tẹ́lẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ níye lórí. Ẹ sì mọ̀ pé bí èlé ọjà bá gòkè, iye tí ẹ lè ta bọ́ǹdì ọwọ́ yín yóò wálẹ̀. Ní 2022, nígbà tí báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé èlé sókè kíákíá, ọ̀pọ̀ ènìyàn tó rò pé bọ́ǹdì kì í dín rí i pé ó dín.

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Iṣẹ́ Moody's àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn: wọ́n ń wo ìlú tó ti bẹ́gi dínà àti èyí tí ọ̀nà rẹ̀ ṣì mọ́, wọ́n sì ń fún un ní máàkì. Ìlú tí máàkì rẹ̀ dára ń yá owó ní èlé kékeré. Ìlú náà lè ṣubú. Ní July 2013, Detroit kéde pé òun kò lè san gbèsè mọ́, gbèsè tó tó bílíọ̀nù 18 dọ́là. Àwọn kan nínú àwọn tó jẹ lówó na ìka sí ilé iṣẹ́ ọnà ìlú náà, Detroit Institute of Arts, wọ́n ní kí wọ́n ta àwòrán tó wà níbẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ pe àwọn onígbàǹjo wá díye lé e. Àwọn àjọ ọlọ́rẹ, ìjọba ìpínlẹ̀ Michigan àti àwọn ènìyàn ló dá owó tó ju mílíọ̀nù 800 lọ jọ, kí wọ́n lè fi ran àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì lọ́wọ́ kí àwòrán má baà di títà. Síbẹ̀ wọ́n gé lára owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ ènìyàn, àwọn tó ni bọ́ǹdì tó dára jù nínú èyí tí kò ní ohun ìdúró mìíràn sì gba bíi sẹ́ǹtì 74 lórí dọ́là kan. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé bọ́ǹdì ìlú "kò léwu rárá", ẹ rántí Detroit.

Àwọn kan á bèèrè ti ilé. Ìjọba Nàìjíríà ta bọ́ǹdì fún àwa ọmọ òkèèrè ní June 2017: mílíọ̀nù 300 dọ́là, ọdún márùn-ún, èlé 5.625 nínú ọgọ́rùn-ún. Dọ́là ni wọ́n fi yá a, dọ́là ni wọ́n sì fi san án ní 2022. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣáájú ní 2009 pẹ̀lú bílíọ̀nù 50 náírà ní èlé 13, fún ọdún márùn-ún. Ẹni tó bá fi 5.6 wé 13 lè rò pé ti Èkó ló dára jù. Ẹ fara balẹ̀. Náírà ni tiwọn, náírà kì í sì í dúró sójú kan. Ní May 2023, dọ́là kan jẹ́ bíi náírà 460 ní ọjà ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Èlé 13 lọ́dún kò lè sáré bá ìyẹn. Ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ jẹ́ dọ́là, tó fẹ́ ra bọ́ǹdì náírà, ẹ bá wa sọ fún un. Ẹni tó ń kọ́lé sílé tó sì nílò náírà, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Nǹkan kan tún wà: Ilé Aṣòfin Èkó àti àwọn alábòójútó ọjà owó ló fọwọ́ sí bọ́ǹdì yẹn, kò sí ẹni tó bi ará Ìsàlẹ̀ Èkó tàbí ará Ìkòròdú léèrè. Níbí, wọ́n ń bi wá. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í dáhùn.

Nígbà tí ìdìbò bá tún súnmọ́, ìlú yóò fi ìwé àlàyé nípọn ránṣẹ́ sílé yín. Gẹ̀ẹ́sì, Ṣáínà, Sípáníìṣì àti Filipino wà lára èdè tó máa ń wà nínú rẹ̀, kò sí Yorùbá, àfi kí a máa tú u fún ara wa. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àwọn olóṣèlú ti ń kọ pé "A gbà yín níyànjú". Ẹ lọ tààrà sí ọ̀rọ̀ tí Controller kọ. Òun ló ń sọ iye tí yóò kan ilé kan lọ́dọọdún àti ọdún tí yóò ga jù. Ẹ wò ó bóyá gbèsè àtijọ́ kan ń tán lọ bí tuntun ṣe ń wọlé, nítorí ìlú a máa gbìyànjú kí iye tí a ń san má baà fò sókè. Ẹ wo ohun tí owó náà fẹ́ ṣe àti ẹni tó máa san ìyókù. Ẹ bá àwọn ọmọ yín tó ti pé ọdún 18 kà á, wọ́n á ran yín lọ́wọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ẹ ó sì ran wọ́n lọ́wọ́ nínú ọgbọ́n rẹ̀.

A padà sọ́dọ̀ bàbá wa. Nígbà tí a bá a jókòó ti ìwé rẹ̀, a rí i pé gbèsè ilé sáyẹ́ǹsì náà kéré nínú ohun tó ń san. Ohun tó ya gbogbo wa lẹ́nu ni nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ń gbé inú ilé tó ni ní California ní ẹ̀tọ́ kí wọ́n yọ 7,000 dọ́là kúrò nínú iye ilé rẹ̀ kí wọ́n tó ṣírò owó-orí, ìyẹn sì ju 70 dọ́là lọ lọ́dún. Bàbá kò gba fọ́ọ̀mù náà rí láti ọjọ́ tó ti ra ilé. Ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù ọ̀hún ní ọ́fíìsì Assessor, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á bá yín ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó kọ ọ́, kí ó sì tó di ọjọ́ 15, oṣù February, kí ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ gbà lọ́dún náà.